Orí Kẹfà: Mímọ Iye Kálórì Tí Rẹfirí Ń Ná Lórí Pápá Láìsí Aago Ìgbàlódé

Rẹfirí tó wọn kílò 70, tó darí eré bọ́ọ̀lù fún ìṣẹ́jú 90 lórí pápá tó dára, máa ń ná nǹkan bíi kálórì 650 sí 750. Ẹni tí kò bá ráyè ka orí yìí tán lè mú ìdáhùn yẹn lọ. Kò ní ṣìnà jìnnà. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ara yín lè má jẹ́ 70, pápá yín lè jẹ́ iyanrìn, eré náà lè má ju wákàtí kan lọ, ó sì lè jẹ́ pé àsíá lẹ dì mú létí pápá, kì í ṣe fèrè. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ẹ mọ bí ẹ ó ṣe ṣírò rẹ̀ fúnra yín, pẹ̀lú ohun tí kò wọ́n rẹfirí kankan: aago lásán, ìwé kékeré, bírò, àti ọ̀rẹ́ kan tó lè jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pápá. Kálórì tí mò ń wí ni èyí tí wọ́n ń kọ sára páálí bisikíìtì, tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ máa ń kọ ní kcal.

Ọ̀rọ̀ yìí jẹ mí lógún nítorí bí àwọn rẹfirí wa ṣe ń jẹun. Ní òpin ọ̀sẹ̀, rẹfirí ìdíje àdúgbò ní Mushin tàbí ní Ìbàdàn lè darí eré méjì tàbí mẹ́ta láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹlòmíì á fi búrẹ́dì díẹ̀ gbé gbogbo rẹ̀, òòyì á máa kọ́ ọ ní abala kejì eré kẹta, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe pẹnárítì ti ń wáyé. Ẹlòmíì á gbà pé òun ti sáré débi pé kò sí oúnjẹ tó lè pọ̀ jù fún òun. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ikùn rẹ̀ kò ní jẹ́ kó yege ìdánwò eré sísá mọ́. Àwọn méjèèjì ló nílò iye kan tó súnmọ́ òótọ́, tí wọ́n á lè gbé ètò oúnjẹ wọn lé.

Òógùn àti àyà tó ń lù

Ohun méjì ló máa ń tan rẹfirí jẹ, òógùn sì ni àkọ́kọ́. Ẹni tó bá darí eré ní pápá Lekan Salami ní Adamasingba nínú oòrùn oṣù Kẹta, bí ẹ bá fún aṣọ rẹ̀, omi á máa ṣàn. Òógùn yẹn ń sọ bí ọjọ́ ṣe gbóná tó àti bí ara ṣe ń sapá láti tu ara rẹ̀. Kò sọ iye agbára tí ẹsẹ̀ ná. Bí ẹ bá gun ẹ̀rọ ìwọ̀n kí eré tó bẹ̀rẹ̀, tí ẹ tún gùn ún lẹ́yìn rẹ̀, tí kílò kan sì ti lọ, omi ló lọ. Kílò kan ọ̀rá ara ní nǹkan bíi kálórì 7,700 nínú. Rẹfirí kílò 70 á darí eré tó mọ́kànlá kó tó ná iye yẹn. Gígun ẹ̀rọ ìwọ̀n náà wúlò o, ṣùgbọ́n ti omi mímu ló wúlò fún. Kílò kan tó lọ dúró fún lítà omi kan, ẹ ó sì mu tó lítà kan ààbọ̀ padà díẹ̀díẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí ìtọ̀ á kó lára rẹ̀ lọ. Ìyẹn súnmọ́ omi inú ọ̀rá mẹ́ta.

Èkejì ni lílù ọkàn, òun ló sì léwu jù, nítorí ó jọ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Ẹ ó fi ìka méjì sí ẹ̀gbẹ́ gògóńgò, ẹ ó ka bí iṣan ṣe ń lù fún ìṣẹ́jú àáyá 15, ẹ ó sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Ní ọdún 2005, àwọn onímọ̀ kan ní Gúúsù Áfíríkà gbé ìlànà ìṣirò kan jáde tó ń fi lílù ọkàn, ìwọ̀n ara, ọjọ́ orí, àti bóyá ẹni náà jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, sọ iye kálórì tó ń lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ìlànà náà dára fún ohun tí wọ́n ṣe é fún, ìyẹn ìdárayá tó ń lọ déédéé láìdúró. Ẹ gbé e wá sórí pápá, kí ẹ wo ohun tó máa sọ. Ọkùnrin ọmọ ọdún 35 tó wọn kílò 70, tí ọkàn rẹ̀ ń lù ní 150, á gba 14.5 ní ìṣẹ́jú kan. Fún ìṣẹ́jú 90, ìyẹn ju 1,300 lọ.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, rẹfirí náà dúró láàárín àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì, àwọn èrò ń pariwo, ó sì mọ̀ pé eré yìí le. Ọkàn rẹ̀ lè máa lù ní 110 nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì kúrò lójú kan. Ìlànà yẹn á sọ pé ó ń ná ju kálórì 8 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó dúró lásán kì í ná tó 2. Ìpayà ló gbé ọkàn sókè, agbára kọ́ ló ń jó. Ooru náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀: bí omi bá ṣe ń dín kù nínú ẹ̀jẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń lọ sí awọ ara láti tu ú, ọkàn gbọ́dọ̀ lù sí i láti ṣe iṣẹ́ kan náà. Nítorí náà, ní ìṣẹ́jú 80, lílù ọkàn yín ga ju ti ìṣẹ́jú 20 lọ, kódà bí eré tí ẹ ń sá kò bá pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀.

Ọ̀nà kan tún wà tí a fi lè mọ̀ pé 1,300 ti pọ̀ jù, inú ìdánwò tí gbogbo rẹfirí mọ̀ ló sì wà. Nínú ìdánwò FIFA fún rẹfirí àgbáyé ọkùnrin, lẹ́yìn eré àsápajúdé mítà 40 lọ́nà mẹ́fà, wọ́n ń sá mítà 75 láàárín ìṣẹ́jú àáyá 15, wọ́n á fi ìṣẹ́jú àáyá 18 rin mítà 25, wọ́n á ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́nà 40. Ìyẹn jẹ́ kìlómítà mẹ́rin ní ìṣẹ́jú 22: kìlómítà mẹ́ta ní eré sísá, ọ̀kan ní ìrìn. Eré sísá ń gba nǹkan bíi kálórì kan fún kílò ara kọ̀ọ̀kan ní kìlómítà kan; ìrìn ń gba nǹkan bíi 0.7. Fún ẹni kílò 70, ó jẹ́ 210 àti 49, àròpọ̀ rẹ̀ 259. Bí ẹnì kan bá lè máa bá ìdánwò yẹn lọ láìdúró fún ìṣẹ́jú 90, tí èmi kò sì tíì rí irú ẹni bẹ́ẹ̀, á ná bíi 1,060. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni tó wọn kílò 70 bá sọ fún yín pé òun ná kálórì 1,300 nínú eré kan, ẹ bi í léèrè bóyá eré náà le ju ìdánwò lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹsẹ̀ ni kí ẹ kà. Gbogbo ohun tó kù nínú orí yìí, orí ẹsẹ̀ ló dá lé.

Ìlọ́po ìsinmi

Ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ ń ná nǹkan bíi kálórì kan fún kílò ara rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní wákàtí kan. Ẹni kílò 70 ń ná 70, ẹni kílò 85 ń ná 85. Iṣẹ́ yòówù tí ara bá ń ṣe, a lè fi ìlọ́po ìsinmi yìí sọ bó ṣe le tó. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní MET. Ní ọdún 1993, Barbara Ainsworth àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ àkójọ ńlá kan jáde tó fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún iṣẹ́ ní ìlọ́po tirẹ̀, láti orí fífọ abọ́ dé orí eré ìje. Wọ́n sì tún un ṣe ní 2000, 2011 àti 2024. Dídarí eré básíkẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀: 7 ni wọ́n fún un.

Fún rẹfirí bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá, ó wù mí jù kí a tú iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́, nítorí eré àwọn ọmọ ọdún 13 kò rí bí eré ìkẹyìn ìdíje. Ìwọ̀nba ohun tí ẹ nílò nìyí: dídúró jẹ́ 1.5, rírìn 3.5, sísáré pẹ̀lẹ́ 8, sísáré gidi 11, eré àsápajúdé 15. Ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé tí ẹ fi ń gba orúkọ àwọn tó gba káàdì.

Ọ̀rọ̀ kan fún àwọn àgbà àti àwọn tó sanra díẹ̀: kálórì kan fún kílò kan ní wákàtí kan sábà máa ń ga díẹ̀ ju ìsinmi wọn gan-an lọ, nítorí ọ̀rá ara kì í ná agbára tó iṣan. Bí ẹ bá ti lé ní 50 ọdún, tàbí tí ọ̀rá ara yín pọ̀, ẹ yọ nǹkan bí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú iye tó bá jáde.

Ọ̀rẹ́ tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá

Èyí ni ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù, òun náà ló sì gba sùúrù jù. Nígbà tí kò tíì sí ẹ̀rọ tó ń tọpa ènìyàn láti ojú ọ̀run, ojú àti ohùn ni wọ́n fi ń ṣe é: ní ọdún 1976, Thomas Reilly àti Vaughan Thomas tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí àwọn agbábọ́ọ̀lù ní England, níbi tí olùṣọ́ kan ti ń sọ gbogbo bí agbábọ́ọ̀lù kan ṣe ń rìn àti bó ṣe ń sáré sínú téèpù. Láti inú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìmọ̀ tó wà lónìí lórí bí agbábọ́ọ̀lù ṣe ń sáré tó ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ẹ fẹ́ ṣe kò nira tó tiwọn.

Ẹ wá ọ̀rẹ́ kan. Rẹfirí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ló dára jù, nítorí òun náà á rí ẹ̀kọ́ kọ́ nínú wíwo ibi tí ẹ ń dúró sí. Ẹ fún un ní aago tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá, ìwé onílà, àti bírò. Kó pín eré sí ìdá mẹ́fà, ìṣẹ́jú 15 lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sì fi ìṣẹ́jú márùn-ún ṣọ́ yín nínú ìdá kọ̀ọ̀kan. Ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá 10, kó gbójú sókè, kó wo ohun tí ẹ ń ṣe ní ìgbà yẹn gan-an, kó sì kọ lẹ́tà kan ṣoṣo: D bí ẹ bá dúró, R bí ẹ bá ń rìn, P bí ẹ bá ń sáré pẹ̀lẹ́, S bí ẹ bá ń sáré gidi, A bó bá jẹ́ àsápajúdé. Lẹ́tà 30 ni yóò ní nínú ìṣẹ́jú márùn-ún. Nígbà tí eré bá parí, lẹ́tà 180 ló máa wà nínú ìwé.

Ẹ kìlọ̀ fún un gidigidi lórí ohun kan. Aago ni kó tẹ̀lé, kì í ṣe bọ́ọ̀lù. Ẹni tí kò bá mọ̀ á máa kọ lẹ́tà nígbà tí nǹkan bá ń ṣẹlẹ̀, tí bọ́ọ̀lù bá kọjá lọ́nà líle, tí ẹ bá sáré lọ síbi ìjà. Á sì gbàgbé ìgbà tí ẹ dúró tí gólíkípà ń so okùn bàtà rẹ̀. Lẹ́tà S àti A á pọ̀ jù, kálórì á sì pọ̀ jù pẹ̀lú wọn. Bí ẹ bá ń fi ẹ̀yìn rìn tàbí tí ẹ ń fi ẹ̀gbẹ́ sáré, kó kọ lẹ́tà tó bá a mu, kó sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tó lè jókòó kọ ọ́, kí ẹnì kan fi fóònù ya fídíò yín láti orí àga èrò, kí ẹ̀yin fúnra yín wá fi ìrọ̀lẹ́ ka lẹ́tà náà.

Ká ní D jẹ́ 30, R 66, P 54, S 24, A 6. Ẹ sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po iye tirẹ̀: 30 lọ́nà 1.5 jẹ́ 45. 66 lọ́nà 3.5 jẹ́ 231. 54 lọ́nà 8 jẹ́ 432. 24 lọ́nà 11 jẹ́ 264. 6 lọ́nà 15 jẹ́ 90. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,062. Ẹ pín in sí 180, ẹ ó rí 5.9. Ìyẹn ni ìlọ́po ìsinmi yín fún gbogbo eré náà. Ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po kílò ara yín, àti ti wákàtí: 5.9 lọ́nà 70 lọ́nà wákàtí kan ààbọ̀, ó súnmọ́ 620.

Iye yẹn kéré díẹ̀. Lẹ́tà náà kò mọ̀ pé ẹ dúró gìrì, ẹ yípo, ẹ tún gbéra. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìgbéra àti ìdádúró ń gba agbára nínú iṣẹ́ wa. Ẹ fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún kún un, ó di 680. Bí ìlà tó wà lábẹ́ lẹ́tà bá pọ̀, ẹ fi 15 kún un dípò 10. Ẹ má gbàgbé pé àfikún àkókò wà nínú eré. Bí ẹ bá fi ìṣẹ́jú meje kún abala kejì, ìṣẹ́jú 97 ni ẹ ó fi ṣírò.

Ẹni tí kò ní ọ̀rẹ́, tí kò sì ní fídíò, lè ṣe é láti inú ìrántí nígbà ìsinmi àárín eré. Kó pín abala tó parí sí ọ̀nà mẹ́wàá lọ́kàn, kó sì kọ iye ọ̀nà tó dúró, tó rìn, tó sáré. Ọpọlọ máa ń rántí eré àsápajúdé, ó sì máa ń gbàgbé ìdúró. Nítorí náà, bí dídúró àti rírìn kò bá tó ìdajì nínú ohun tí ẹ kọ, ẹ tún un rò.

Òwú àti rúlà

Ọ̀nà kejì ń ka jíjìn ibi tí ẹ rìn dé, ó sì dára láti fi yẹ ti àkọ́kọ́ wò. Ẹ ya pápá sínú ìwé: sẹ̀ǹtímítà kan dúró fún mítà 10. Pápá tó gùn ní mítà 105, tó fẹ̀ ní mítà 68, á di sẹ̀ǹtímítà 10.5 lọ́nà 6.8. Ẹ kọ́kọ́ wọn pápá yín o, nítorí òfin gba gígùn láti mítà 90 dé 120, àwọn pápá àdúgbò kan kò sì tó bẹ́ẹ̀. Fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ọ̀rẹ́ yín máa fi bírò tọ ipasẹ̀ yín lórí àwòrán náà láìgbé bírò sókè. Tí ìṣẹ́jú márùn-ún bá pé, kó mú àwòrán tuntun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìlà á lọ́pọ̀ mọ́ra tí kò ní ṣeé kà.

Ní ilé, ẹ tẹ́ òwú ìránṣọ lé ìlà náà lórí, ẹ tẹ̀ lé gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀, kí ẹ wá fi rúlà wọn òwú yẹn. Òwú tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 55 dúró fún mítà 550. Bí ẹ bá ní àwòrán mẹ́fà, ẹ ro wọ́n pọ̀, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, nítorí ìṣẹ́jú 30 nínú 90 lẹ ṣọ́. Iye tó wọ́pọ̀ fún rẹfirí ìdíje ńlá jẹ́ kìlómítà 9 sí 13. Bí tiyín bá jáde ní 16, ọwọ́ ọ̀rẹ́ yín ló gbọ̀n. Bó bá jẹ́ 6, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti jìnnà sí bọ́ọ̀lù, ìyẹn sì jẹ́ ọ̀rọ̀ fún orí mìíràn nínú ìwé yìí.

Ká ní kìlómítà 10 ni: 3 ní ìrìn, 7 ní eré sísá. Fún kílò 70, ìrìn gba 147, eré sísá gba 490, ìṣẹ́jú 15 tí ẹ fi dúró gba 26. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 663; ẹ fi ìdá 10 kún un, ó di 730. Ọ̀nà àkọ́kọ́ sọ pé 680. Ìyàtọ̀ àárín wọn kò tó ẹyin sísè kan, nítorí náà ẹ lè gbà pé òótọ́ wà nítòsí ibẹ̀.

Iyanrìn ni kó ká yín lára. Ẹni tó bá ń sáré lórí iyanrìn gbígbẹ tí ẹsẹ̀ ń rì sí ń ná nǹkan bí ìlọ́po 1.6 ti orí ilẹ̀ líle, ìrìn sì ń gbà ju ìlọ́po méjì lọ. Lórí ọ̀pọ̀ pápá àdúgbò ní Èkó, iwájú gólù méjèèjì àti àárín pápá ni iyanrìn ti jìn, etí pápá ṣì le. Níbẹ̀, mo máa ń fi ìdá 20 sí 30 kún iye tó jáde. Bó bá jẹ́ etíkun gan-an lẹ ti ń ṣeré, ẹ fi ìdá 60 kún un.

Ìṣirò ojú ẹsẹ̀

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣe èyí nínú eré mélòó kan, ẹ kò nílò láti tún máa kọ lẹ́tà ní gbogbo ìgbà. Ẹ mú iye kálórì, ẹ pín in sí kílò ara yín, ẹ tún pín in sí ìṣẹ́jú eré. Nínú àpẹẹrẹ wa, 680 tí a pín sí 70, tí a tún pín sí 90, á fún wa ní nǹkan bíi 0.11. Ọ̀pọ̀ rẹfirí àárín pápá á rí iye tó súnmọ́ èyí. Láti ọjọ́ náà lọ, 0.11 lọ́nà kílò lọ́nà ìṣẹ́jú ni. Ẹni kílò 82 tó ṣe ìṣẹ́jú 95 ná nǹkan bíi 860. Ẹni kílò 60 tó darí eré àwọn ọ̀dọ́ fún ìṣẹ́jú 70 ná nǹkan bíi 460. Fún eré tó yára gan-an, ẹ lò ó ní 0.13, fún eré àwọn ọmọdé kéékèèké, 0.09.

Ìyàtọ̀ ìdá 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún ṣì wà nínú rẹ̀ sókè àti sísàlẹ̀, kí ẹ sì máa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: “600 sí 800”, kì í ṣe “693”. Kí ẹ má rò pé àwọn tó ní aago ìgbàlódé mọ̀ jù yín lọ jìnnà. Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Stanford yẹ irú aago ọwọ́ bẹ́ẹ̀ méje wò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn aago náà ka lílù ọkàn dáadáa. Ṣùgbọ́n ní ti kálórì, èyí tó dára jù nínú wọn fi ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún ṣìnà, èyí tó burú jù sì fi 93 ṣìnà.

Àwọn adájọ́ yòókù

Láìnímáàn ń ṣọ́ ìdajì pápá, láti ìlà àárín dé ìlà gólù, ìyẹn mítà 52.5. Ó ń rìn tó nǹkan bíi kìlómítà 7 nínú eré kan, ó sì ń fi ẹ̀gbẹ́ sáré púpọ̀ nítorí ojú rẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrò lára agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn tó kẹ́yìn. Ẹ lo 0.07 dípò 0.11, ẹni kílò 70 á ná nǹkan bíi 440. Adájọ́ kẹrin tó dúró létí pápá kò ju 150 sí 200 lọ, bó ti wù kí àwọn kóòṣì pariwo lé e lórí tó.

Nínú básíkẹ́ẹ̀tì, ìlọ́po 7 tí mo mẹ́nu kàn jẹ́ ti ìgbà tí eré ń lọ. Eré ìṣẹ́jú 40 lè gba wákàtí kan ààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nítorí aago máa ń dúró. Ẹ ya ìgbà tí ẹ ń sáré sọ́tọ̀, ẹ fi 7 ṣírò rẹ̀. Ẹ fi 1.5 ṣírò ìsinmi àti ìgbà tí àwọn kóòṣì bá pe àkókò. Ogójì ìṣẹ́jú ti àkọ́kọ́ àti wákàtí kan ti èkejì á fún ẹni kílò 70 ní nǹkan bíi 430. Adájọ́ fọlibọ́ọ̀lù tó dúró lórí àga gíga, àti ti tẹníìsì orí tábìlì tó jókòó, ìsinmi ara wọn ni wọ́n ń ná àti díẹ̀ lé e: 1.5 sí 2. Ojú àti ọpọlọ ni iṣẹ́ tiwọn gbà, ó sì gba ọ̀pọ̀. Àmọ́ oúnjẹ wọn kò gbọdọ̀ pọ̀ nítorí rẹ̀.

Láti inú ìwé sórí àwo oúnjẹ

Kí ẹ tó fi iye náà kún oúnjẹ, ẹ yọ ìsinmi kúrò nínú rẹ̀. Ẹni kílò 70 ì bá ná 105 nínú wákàtí kan ààbọ̀ yẹn kódà ká ní ó jókòó sílé; ó ti wà nínú oúnjẹ ojoojúmọ́ rẹ̀. Nítorí náà, 680 á di 575. Ìmúra kí eré tó bẹ̀rẹ̀ wà lọ́tọ̀: ogún ìṣẹ́jú ìsáré pẹ̀lẹ́ àti ìnara á fi nǹkan bíi 100 kún un.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọjọ́ ìdíje tó ní eré mẹ́ta, wákàtí kan lọ́kọ̀ọ̀kan. 0.11 lọ́nà 70 lọ́nà 60 jẹ́ 462; lọ́nà mẹ́ta, 1,386. Ẹ yọ ìsinmi wákàtí mẹ́ta, 210, ó ku 1,176. Ẹsẹ̀ máa ń rọ̀ ní eré kẹta, nítorí náà 1,100 ni mo máa kọ. Ìyẹn jẹ́ oúnjẹ gidi. Ẹ má dúró di alẹ́ kí ẹ tó jẹ ẹ́. Kí iṣu àti ẹyin wà ní ikùn ní wákàtí méjì tàbí mẹ́ta kí eré àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Láàárín eré, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì tàbí búrẹ́dì díẹ̀ àti omi. Èyí tó kù, lẹ́yìn eré kẹta.

Ẹni tó darí eré kan ṣoṣo, tó sì fẹ́ kí ikùn òun rọlẹ̀, ni kó ṣọ́ra jù. Ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò sẹ̀ǹtílítà 50 kan ní nǹkan bíi kálórì 200. Ẹ̀pà tó wọn gíráàmù 100 ní nǹkan bíi 560. Gààrí gbígbẹ gíráàmù 100 súnmọ́ 350, kí a tó fi ṣúgà sí i. Ṣíbí ọbẹ̀ òróró kan ní 120. Ìgò méjì pẹ̀lú ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà méjì lẹ́yìn eré ti dá gbogbo ohun tí abala méjèèjì ná padà, oúnjẹ alẹ́ ṣì ń bọ̀.

Ẹ máa gun ẹ̀rọ ìwọ̀n kan náà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní òwúrọ̀, kí ẹ tó jẹun, kì í ṣe lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé ọjọ́ eré nígbà tí omi ara kò tíì padà bọ̀ sípò. Bí ẹ bá ń jẹ iye tí ẹ ṣírò pé ẹ ń ná, tí kílò kan sì lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láìjẹ́ pé ẹ fẹ́ bẹ́ẹ̀, nǹkan bíi kálórì 275 ló ń dín lójoojúmọ́. Ẹ kọ́kọ́ yẹ oúnjẹ wò, nítorí níbẹ̀ ni àṣìṣe ìṣirò máa ń wà jù. Bí oúnjẹ bá pé, ẹ gbé 0.11 yín lọ sí 0.12, kí ẹ tún wò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mìíràn.